Ohun tí X-ray Kò Lè Fi Hàn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Jíjá Lígámẹ́ǹtì Orúnkún àti Yíyẹ̀ Oríkèé ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún jàǹbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó lè ṣe ẹsẹ̀. Egungun a máa kán, iṣan a máa já, oríkèé a máa yẹ̀, ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa rọ́ nígbà tí ẹni tó ń sáré bá gbé e lé ibi tí kò tẹ́jú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí yóò rí i pé wọ́n ti la ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn egungun ń tọ̀ sílẹ̀ fún wọn, nítorí jàǹbá tó bá egungun yàtọ̀ sí èyí tó bá okùn tó so egungun mọ́ egungun, èyí náà sì yàtọ̀ sí ìgbà tí egungun méjì bá kúrò lójú ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Èyí tó ń já nínú orúnkún, àti yíyẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé jíjá náà, ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí, nítorí pé òun ló rọrùn jù lọ láti gbójú fò ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà àti Èrúwà títí dé Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Àwòrán tó súnmọ́ aláìsàn jù, ìyẹn X-ray, egungun ló ń fi hàn. Wọn yóò yẹ àwòrán náà wò, wọn yóò sọ fún aláìsàn pé egungun rẹ̀ kò kán, orúnkún tó wú yóò fọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ará ilé yóò dúpẹ́, aláìsàn yóò sì padà sí pápá bọ́ọ̀lù tàbí sí orí ọ̀kadà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó já ṣì wà ní jíjá síbẹ̀.

Orúnkún ni oríkèé tó tóbi jù lọ nínú ara ènìyàn. Egungun itan ló ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá, egungun ojúgun ló gbà á nísàlẹ̀, egungun kékeré pẹlẹbẹ kan sì bò wọ́n níwájú bí ìdérí, tó ń yọ̀ lọ sókè àti sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń nà tó sì ń ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde ojúgun ni egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní fíbúlà, tí kò gbé ìwọ̀n ara tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ jẹ́ èèkàn fún okùn pàtàkì kan. Ìsàlẹ̀ egungun itan rí roboto ní ọwọ́ méjèèjì bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, orí egungun ojúgun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú bí àwo. Ní ìbàdí, egungun wọ inú egungun bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó, tí ihò náà fúnra rẹ̀ sì ń dì í mú. Orúnkún kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ohun roboto ló dúró lórí ohun tó tẹ́jú, bí kò bá sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀, àtiyọ̀ ni iṣẹ́ wọn.

Ohun méjì ló ń dì wọ́n mú kí wọ́n má yọ̀. Èkíní ni tìmùtìmù méjì tí wọ́n ń pè ní mẹnísíkọ́ọ̀sì, tó wà láàárín egungun itan àti ti ojúgun. Obìnrin tó bá fẹ́ ru igbá gàárì lọ sí ọjà yóò ká aṣọ sí òṣùká, kí ẹrù náà lè rí ibi jókòó sí lórí tó rí roboto, kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì wọ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mẹnísíkọ́ọ̀sì ń ṣe fún egungun itan, àfi pé òṣùká ti orúnkún kò pa ojú dé: èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ṣí sílẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé, èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde sì ká ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni lígámẹ́ǹtì, ìyẹn okùn funfun tó yi, tó so egungun mọ́ egungun. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ní àlàyé tirẹ̀, nítorí pé iṣan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè é, iṣan yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ẹran ara tó ń fa ẹsẹ̀, àti okùn tó so ẹran ara náà mọ́ egungun. Nígbà tí aláìsàn bá sọ pé iṣan orúnkún òun já, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wádìí èyí tó ní lọ́kàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé ewu wọn kì í ṣe ọgbọọgba.

Lígámẹ́ǹtì ńlá mẹ́rin ló wà ní orúnkún. Méjì wà ní ẹ̀gbẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ inú fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ, ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, òun ni kì í jẹ́ kí orúnkún ya wọ inú. Ti ẹ̀gbẹ́ òde rí bí okùn róbótó, ó ti ara egungun itan wá so mọ́ orí fíbúlà, ènìyàn sì lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ kàn bó bá jókòó tó gbé ọrùn ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì. Méjì tó kù wà ní àárín gbùngbùn oríkèé, wọ́n dábùú ara wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń fi agbélébùú pè wọ́n. Agbélébùú iwájú bẹ̀rẹ̀ láti ògiri inú egungun itan ní apá òde, ó gba ìdábùú sọ̀kalẹ̀ wá síwájú, ó sì so mọ́ orí egungun ojúgun. Gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, síbẹ̀ òun ló ń di ojúgun mú kó má yọ̀ síwájú, òun náà ló sì ń gba ìyípo nígbà tí ẹni tó ń sáré bá ṣẹ́rí lójijì. Ìdì méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan máa ń nà gan-an nígbà tí ẹsẹ̀ bá ká, ìkejì máa ń nà nígbà tí ẹsẹ̀ bá tọ́, tó fi jẹ́ pé kò sí ìgbà kankan tí okùn náà dẹ̀ tán pátápátá. Agbélébùú ẹ̀yìn ló nípọn jù nínú méjèèjì, ìdàkejì iṣẹ́ èkíní ló sì ń ṣe, kí ojúgun má baà yọ̀ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń rò pé agbélébùú ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, kó wo ọmọbìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀. Bí ó bá ti kúnlẹ̀, ilẹ̀ ló ń ti orí ojúgun rẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, lígámẹ́ǹtì yìí sì wà lára ohun tó ń sọ fún ojúgun pé kó dúró níbẹ̀. Obìnrin tí tirẹ̀ bá já lè máa rìn geere lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó wá jẹ́ pé ibi ìkúnlẹ̀ àti ibi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ ni ìrora yóò ti mú un. Àwọn ará ilé lè sọ pé ó ti ń gbéraga, pé kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò bi í bóyá ó ṣì lè kúnlẹ̀, torí ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ níbi tí wọn kì í ti í kúnlẹ̀ kíni kò ní rán an létí.

Bí agbélébùú iwájú ṣe ń já kò gba ìkọlù nígbà púpọ̀. Ní pápá bọ́ọ̀lù, bíi 70 nínú 100 irú jàǹbá yìí ló ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara kan ẹni náà. Agbábọ́ọ̀lù ń sáré bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ kó lè yà sí ọ̀nà míràn, bàtà rẹ̀ di ilẹ̀ mú, ara rẹ̀ yí, orúnkún rẹ̀ sì wọ inú. Okùn tó kéré bí ìka nì ló gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbọ́ ìró kan, ‘pọ́ọ̀’, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì lè gbọ́ ọ pẹ̀lú. Láàárín wákàtí díẹ̀ orúnkún yóò ti kún bámúbámú. Ìyára wíwú yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni: lígámẹ́ǹtì náà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, bó bá sì já, inú oríkèé ni ẹ̀jẹ̀ náà ń dà sí. Orúnkún tó wú ní ọjọ́ kejì jẹ́ omi lásán lọ́pọ̀ ìgbà; èyí tó wú kí ìdíje tó tán, tàbí kí agbábọ́ọ̀lù tó délé, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tó nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá irú orúnkún bẹ́ẹ̀ tí agbélébùú iwájú ti já níbẹ̀.

Victor Boniface, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ní 2000, lọ sí ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè ní 2019, agbélébùú iwájú rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀mejì kó tó kúrò níbẹ̀; ní 2024 ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Bayer Leverkusen tó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Jámánì. Umar Sadiq, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, ní irú jàǹbá yìí ní September 2022 ní Sípéènì, sáà bọ́ọ̀lù náà sì parí láìtún rí i lórí pápá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Èrúwà tó fi ẹsẹ̀ rọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ní okùn kan náà pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, ó sì já ní ọ̀nà kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó yí agbábọ́ọ̀lù bíi Boniface ká lè tètè mọ ohun tó já. Àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù tún wà nínú ewu yìí ju ọkùnrin lọ, ó tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, èyí sì yẹ ní mímọ̀ fún àwọn olùkọ́ eré ìdárayá bí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ṣe ń gbilẹ̀.

Ọ̀kadà ló ń mú ọ̀nà kejì wá. Nígbà tí ojúgun bá lọ forí sọ bọ́ńpà ọkọ̀ tàbí òkúta, tí orúnkún sì wà ní kíká bó ṣe máa ń wà lórí alùpùpù, ńṣe ni ojúgun yóò yọ̀ sẹ́yìn, agbélébùú ẹ̀yìn ni yóò sì já. Bí alùpùpù bá ṣubú tì í tí ẹsẹ̀ há sábẹ́ rẹ̀, okùn ẹ̀gbẹ́ inú àti agbélébùú iwájú lè bá a lọ pọ̀. Ìjàǹbá ọ̀kadà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú okùn kan ṣoṣo, àti níbẹ̀ ni ewu tó tóbi jù wà, èyí tí àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Okùn ẹ̀gbẹ́ inú sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fún un ní ààyè, nítorí pé ẹran ara ló yí i ká, ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ojú ibi tó já sì ń di afárá tí ara yóò gbà kọjá láti hun ún padà. Agbélébùú iwájú kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Inú omi oríkèé ló wà, omi náà sì ń ṣan ẹ̀jẹ̀ dídì náà dànù, tí ojú méjèèjì tó já á fi máa wo ara wọn láìpàdé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ tí wíwú bá fọ̀, aláìsàn yóò gbà pé ó ti san. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ebè sí ojú poro, tàbí tó yí padà lójijì láti dáhùn ẹni tó pè é, orúnkún yóò yẹ̀, ilẹ̀ yóò sì gbé e. Yíyẹ̀ yìí gan-an ni àìsàn náà, kì í ṣe wíwú. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ̀, egungun itan ń tẹ òṣùká rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdábùú, ó ń ya á, ó sì ń ha egungun rírọ̀ tó ń dán tó bo ojú oríkèé, tí ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi ní orúnkún arúgbó kí wọ́n tó pé ọmọ 40 ọdún.

Kí ẹ̀rọ kankan tó dé, ọwọ́ ni àwòrán àkọ́kọ́. Ọ̀nà àyẹ̀wò tó dára jù fún agbélébùú iwájú ni èyí tí wọ́n fi orúkọ John Lachman, oníṣègùn egungun ní Philadelphia, pè, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ Joseph Torg kọ sílẹ̀ ní 1976. Aláìsàn yóò na ẹ̀yìn lélẹ̀, wọn yóò ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n 20 sí 30 dígírì. Olùyẹ̀wò yóò fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ itan mú ṣinṣin, yóò fi ọwọ́ kejì di òkè ojúgun mú, yóò wá fa ojúgun náà bọ̀ síwájú. Bí okùn náà bá pé, ojúgun yóò rìn díẹ̀, yóò sì dúró gbágá, bí ìgbà tí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn bá sáré dé òpin okùn rẹ̀. Bó bá ti já, ojúgun yóò máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí kò ní ní òpin tó ṣe gúnmọ́. Òpin yìí ló yẹ kí ọwọ́ fetí sí, ju iye tí ojúgun rìn lọ. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáká ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí oríkèé ẹlòmíràn dẹ̀ láti inú oyún wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì nìkan ló sì lè jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Fún agbélébùú ẹ̀yìn, wọn yóò ká orúnkún méjèèjì dé 90 dígírì, wọn yóò sì wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́: ojúgun tí okùn rẹ̀ ti já yóò rì sẹ́yìn, àfonífojì kékeré yóò sì hàn níbi tó yẹ kí ó yọ gọngọ. Bí orúnkún bá ṣì wú tó ń dun aláìsàn, ẹran itan rẹ̀ yóò le koránkorán, kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rí òótọ́. Nítorí náà àyẹ̀wò ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ pe ẹni náà padà lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14.

Ní ọdún 1895, ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Mayo Robson ṣí orúnkún awakùsà kan tí agbélébùú rẹ̀ méjèèjì ti já, ó sì rán wọn padà. Kò sí àwòrán kankan tó ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún náà gan-an, ní oṣù November, ni Wilhelm Röntgen ní Würzburg ní Jámánì ṣàwárí ìtànṣán tó di X-ray. Ó dára kí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ọdún yìí sọ́kàn: wọ́n ti mọ lígámẹ́ǹtì tó já, wọ́n sì ti gbé e dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, kí X-ray tó délé ìwòsàn.

X-ray ń rí ohun tí káṣíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, egungun sì kún fún un. Lígámẹ́ǹtì kò ní in, ìtànṣán náà sì ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìtàn ìlú Ìdèrè jẹ́rìí sí èyí lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àrùn aràn tí wọ́n ń pè ní sòbìà fìyà jẹ àwọn ará ìlú yẹn, tó fi jẹ́ pé àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ìwádìí wọn, aràn náà a sì máa gba ẹsẹ̀ yọ, nígbà mìíràn lẹ́bàá orúnkún, tí oríkèé yóò fi le tí kò ní lè nà mọ́. Nàìjíríà rí aláìsàn sòbìà ìkẹyìn ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí aràn náà ń bẹ láàyè, X-ray kò rí i. Èyí tó kú sínú ẹran tó sì di ẹfun ni ó ń hàn lórí fíìmù bí òwú funfun tó ká kọ́rọkọ̀rọ, àgbàlagbà tó ru ún láti ìgbà èwe sì lè wà láìmọ̀ títí wọn yóò fi ya àwòrán orúnkún rẹ̀ fún ohun mìíràn. Lígámẹ́ǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kò ní irú ẹfun bẹ́ẹ̀ lára.

Síbẹ̀ X-ray kì í ṣe aláìwúlò fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Nígbà mìíràn kì í ṣe okùn ló já, èèkàn tí wọ́n so ó mọ́ ló fà tu: lára ọmọdé pàápàá, agbélébùú iwájú a máa fa ṣóńṣó egungun ojúgun yọ, ṣóńṣó náà yóò sì hàn lórí fíìmù. Paul Segond, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, kọ̀wé ní 1879 nípa èérún egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ya ní ẹ̀gbẹ́ òde orí ojúgun nígbà tí orúnkún bá yí. Lónìí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí èérún yìí bá hàn lórí X-ray rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé agbélébùú iwájú rẹ̀ ti já. Kò tóbi ju ègé èékánná lọ, ojú tó ń wá egungun tó kán ní ọ̀gangan sì lè fò ó dá. Àmì kẹta ń hàn bí wọ́n bá ya àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí aláìsàn nà gbalaja: ìlà títẹ́jú kan lókè orúnkún, tí ohun tó wà lókè rẹ̀ sì dúdú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀rá inú mùdùnmúdùn egungun ló jáde, tó léfòó sórí ẹ̀jẹ̀ bí epo ṣe ń léfòó sórí omi ọbẹ̀, èyí sì ń sọ pé egungun kan ti sán níbìkan, bí ojú kò tilẹ̀ rí ojú ibi tó sán.

Ẹni tó bá ní owó fún àwòrán kan ṣoṣo ní láti mọ ìgbà tó yẹ kó ná an. Ìlànà tí Ian Stiell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Ottawa, ní Kánádà, ní 1995, rọrùn fún ilé ìwòsàn ìlú kékeré: X-ray yẹ fún ẹni tó bá ti pé ọmọ 55 ọdún, fún ẹni tí orí fíbúlà ń dùn tàbí tí ìdérí orúnkún nìkan ń dùn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, fún ẹni tí kò lè ká orúnkún dé 90 dígírì, àti fún ẹni tí kò lè gbẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí kò bá sí nínú wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí egungun rẹ̀ kán. Ṣùgbọ́n ìlànà nípa egungun ni. Kò sọ nǹkan kan nípa okùn.

Ẹ̀rọ sìkáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún náà lè ṣe díẹ̀. Ó ń fi lígámẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì hàn dáadáa, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ àti omi inú oríkèé hàn, ó sì lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn ní ẹ̀yìn orúnkún. Agbélébùú ló ṣòro fún un, torí egungun ló fi wọ́n pamọ́.

Ẹ̀rọ tó rí gbogbo wọn ni MRI. Òòfà ńlá ni, kò lo ìtànṣán X-ray rárá. Omi ló pọ̀ jù nínú ara, nínú omi sì ni háídírójìn wà. Bí aláìsàn bá wọ inú òòfà náà, àwọn háídírójìn yìí yóò to sí ìlà, ìgbì rédíò yóò tì wọ́n kúrò lójú ìlà, bí wọ́n sì ṣe ń padà sípò ni wọ́n ń rán àmì tí kọ̀ǹpútà ń sọ di àwòrán. Lígámẹ́ǹtì tó pé kò ní omi tó ń rìn fàlàlà nínú rẹ̀, nítorí náà dúdú ló ń hàn, bí okùn tó nà tọ̀ọ̀ láàárín egungun méjì. Èyí tó já yóò wú, yóò di eléérú, ìlà rẹ̀ yóò já tàbí kó wọ́ lọ́lẹ̀. MRI tún ń fi ipa ẹsẹ̀ jàǹbá náà hàn: níbi tí ojúgun ti yọ̀ síwájú, iwájú egungun itan ní apá òde yóò ti lọ gbá ẹ̀yìn orí ojúgun, ojú ibi méjèèjì yóò sì funfun lórí irú àwòrán MRI kan, bí ara tí wọ́n lù tó wú. Kò sí egungun tó kán, X-ray kò sì rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n egungun ti fara pa nínú.

Ní 2018 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde, tí onímọ̀ àwòrán ara láti Ìbàdàn, Godwin Ogbole, ṣáájú nínú rẹ̀, tó ka ẹ̀rọ MRI 84 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí 58 nínú wọn sì wà ní Nàìjíríà. Òòfà tí agbára rẹ̀ kéré ló pọ̀ jù nínú wọn. Irú òòfà bẹ́ẹ̀ ṣì lè fi agbélébùú tó já hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́ kó tó ya àwòrán, ẹ̀ya kékeré lára òṣùká sì lè fara pamọ́ fún un. Ará Ìbàràpá tó bá nílò MRI ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tàbí Èkó, owó rẹ̀ sì wúwo fún àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Nítorí náà ó tọ́ láti sọ ọ́ gbangba pé MRI pàápàá kò rí yíyẹ̀. Aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, yíyẹ̀ sì jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń rìn tó ń yà. Okùn àwọn kan já lórí àwòrán, síbẹ̀ orúnkún wọn kì í yẹ̀ nítorí pé ẹran itan wọn lágbára. Ẹni tó bá fi àwòrán nìkan pinnu iṣẹ́ abẹ ti fi ojú okùn wo ènìyàn.

Ọ̀ràn kan wà tí kò lè dúró de àwòrán kankan, òun ni orúnkún tó yẹ̀ pátápátá kúrò ní oríkèé, tí lígámẹ́ǹtì bíi mẹ́ta ti já papọ̀, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń bọ́ ẹsẹ̀ gba kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn orúnkún kọjá, ó sì dì mọ́ egungun lókè àti nísàlẹ̀, kò ní ibi sá sí. Nínú irú jàǹbá yìí, ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà tí òpó náà ń fara pa. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá padà dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹran ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé orúnkún náà lè ti padà sípò fúnra rẹ̀ kí aláìsàn tó délé ìwòsàn, tí X-ray yóò fi mọ́ tónítóní. Ìka ọwọ́ méjì lórí ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀, ní ìlà àárín ọmọ ìka ńlá àti èyí tó tẹ̀ lé e, ni yóò sọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń lù, ó sì yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹsẹ̀ tó tutù ju èkejì lọ, tàbí tí ọmọ ìka rẹ̀ kò lè gbé sókè, Ìbàdàn ni ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn teguntegun ní ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn fọkàn tán lórí egungun tó kán ní ọ̀gangan, ọ̀pọ̀ wọn sì ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú sùúrù tí kò sí ní ilé ìwòsàn tó kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún tó wú lójijì kò gbọdọ̀ rí fífà, kò gbọdọ̀ rí wíwọ́, ọparun tí wọ́n sì dè mọ́ ọn gírígírí lè pa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù tó ń kọjá.

Ní ti ìtọ́jú, ìròyìn tó dára jù fún ìlú tí kò ní ẹ̀rọ wá láti Swídìn. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, Richard Frobell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọ̀dọ́ 121 tí agbélébùú iwájú wọn já sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ kíákíá pẹ̀lú eré ìdárayá ìwòsàn, àwọn 59 yòókù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá nìkan, pẹ̀lú àdéhùn pé iṣẹ́ abẹ wà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣì ń yẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, 23 nínú àwọn 59 náà ló ti gba iṣẹ́ abẹ, ìlera orúnkún ẹgbẹ́ méjèèjì kò sì yàtọ̀ síra lọ́nà tó ṣe kókó. Iṣẹ́ abẹ ní àyè tirẹ̀: wọ́n ń gé okùn ẹran láti ẹ̀yìn itan tàbí iwájú orúnkún láti fi ṣe lígámẹ́ǹtì tuntun, kò sì yẹ kí ẹni náà padà sórí pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí náà ń sọ fún Ìbàràpá ni pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò gba owó púpọ̀. Ẹran ẹ̀yìn itan ń fa ojúgun sẹ́yìn, ó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ okùn tó já. Gígun orí àga kékeré lọ gígun bọ̀, fífi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú kan, àti ìjókòó-ìdìde láìfọwọ́ ti nǹkan, lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, kò nílò ohun èlò ju ìpinnu lọ.

Èrúwà ti mọ irú ọgbọ́n yìí. Dókítà Oluyombo Awojobi, oníṣẹ́ abẹ tó dé ìlú náà ní 1983, tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, tó sì kú ní 2015, fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ láti mọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí ẹ̀rọ olówó ńlá náà ń ṣe gan-an. Ní Igbó-Ọrà, láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ wá gbé láàárín àwọn ará ìlú láti kọ́ iṣẹ́ ìlera ìgbèríko. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá fi ọwọ́ kan orúnkún ogún tó dá ṣáká kó tó padà sí Ìbàdàn, yóò mọ èyí tí òpin rẹ̀ ti sọnù.

Lẹ́tà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ láti fi aláìsàn ránṣẹ́ sí UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, tàbí sí ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì ní Èkó, tó ti wà láti 1945, yẹ kó gùn ju ‘orúnkún ń dùn ún, X-ray kò rí nǹkan kan’ lọ. Ó yẹ kó sọ bí ẹsẹ̀ ṣe yí àti bóyá aláìsàn gbọ́ ìró, wákàtí tó kọjá kí orúnkún tó wú, bí ojúgun ṣe dúró tàbí tí kò dúró nígbà tí wọ́n fà á ní 30 dígírì ní ẹsẹ̀ méjèèjì, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù ní ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀, bóyá ó lè kúnlẹ̀, àti iye ìgbà tí orúnkún náà ti yẹ̀ láti ọjọ́ náà wá.